Kí A Tó Fàbọ̀ Bá Adìẹ: Ìtàn Amí Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 2006, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdúná, pàdánù ìwé tí wọ́n ti ń kọ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ìwé náà dá lórí àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ rélùwéè gbé dé Kàdúná: àwọn wo ló kọ́kọ́ dé, àdúgbò wo ni wọ́n kọ́lé sí, ta ni wọ́n fẹ́, ibo ni wọ́n sin òkú wọn sí. Orí kọ̀ǹpútà ilé ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Olè kò gbé kọ̀ǹpútà náà, iná kò sì jó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò sí ojú ìwé tó ṣí mọ́, wọ́n sì pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpolówó ọjà ń fò jáde lójú kọ̀ǹpútà náà láìsí ẹni tó pè é. Ọmọ aládùúgbò kan mú ètò kan wá nínú CD, ó ní ó máa ń pa àwọn amí inú kọ̀ǹpútà. Ètò náà rí amí púpọ̀, ó sì pa wọ́n rẹ́. Lóòótọ́ ni ìpolówó náà dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni íntánẹ́ẹ̀tì kò ti lọ mọ́. Àmì tó ń fi hàn pé ìlà wà kò kú. Kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n so mọ́ ìlà kan náà ń ṣiṣẹ́ geere. Tiwọn nìkan ni kò lọ. Atúnkọ̀ǹpútàṣe dé, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́ dé egungun. Àfi ká fọ́máàtì rẹ̀." Wọ́n ní kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì ti padà. Ìwé kò padà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé irú àìsàn tó pa ìlà náà ní orúkọ, ó ní ìtàn, ó sì ní oògùn tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tí kò ní fọwọ́ kan ìwé ẹnikẹ́ni. Oògùn náà ti wà láyé fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó fọ́máàtì kọ̀ǹpútà Bàbá Kàdúná. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì di ti àtijọ́: ọ̀tọ̀ ni ká lé olè jáde, ọ̀tọ̀ ni ká tún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì lè ba ilé jẹ́ ju olè lọ.

Bí amí ṣe wọlé

Ọdún 1995 ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, spyware, kọ́kọ́ hàn, nínú àpárá kan tí ẹnì kan fi ń bú ọ̀nà tí Microsoft ń gbà pawó. Kò tíì ní ìtumọ̀ tó ní lónìí. Ọdún 2000 ni ìtumọ̀ yẹn fìdí múlẹ̀. Ní ọdún náà, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Steve Gibson, rí i pé ètò ìpolówó ọjà ilé iṣẹ́ Aureate wà nínú kọ̀ǹpútà òun fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló fi í síbẹ̀. Ó kọ ètò kékeré kan tó pè ní OptOut láti yọ ọ́ kúrò, ó sì fi fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Jámánì, Patrick Kolla kọ Spybot – Search & Destroy ní ọdún yẹn kan náà. Ad-Aware, tí ilé iṣẹ́ Lavasoft ṣe, náà gbajúmọ̀ láàárín àkókò yẹn. Ẹni tó bá ti lo Windows XP yóò rántí orúkọ méjèèjì yìí.

Báwo ni amí ṣe ń wọlé? Onílé ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 2001, Kazaa jáde, ètò tí àwọn ènìyàn fi ń gba orin àti fíìmù lọ́wọ́ ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpolówó ọjà ni ó fi ń jẹun, nítorí náà ó máa ń kó àwọn ètò mìíràn wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Gator, tó ń ṣọ́ ojú ìwé tí ènìyàn ń ṣí kó lè mọ ìpolówó tí yóò gbé ka iwájú rẹ̀. Kódà, ó ń gbé ìpolówó tirẹ̀ lé orí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 2002, àwọn ilé ìwé ìròyìn ńlá, Washington Post àti New York Times wà lára wọn, pe Gator lẹ́jọ́. Wọ́n yanjú rẹ̀ níta ilé ẹjọ́ ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ náà sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Claria.

Àwọn oníṣòwò yìí máa ń sọ pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí, lábẹ́ àdéhùn gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí AOL àti àjọ National Cyber Security Alliance ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, wọ́n bá amí nínú kọ̀ǹpútà ìdá 61 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú àwọn tó ní in, ìdá 92 nínú 100 ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìdá 91 sì ní àwọn kò fún un láṣẹ kó wọlé. Bí ti Amẹ́ríkà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí káfé tiwa láyé ìgbà yẹn, níbi tí ogún ènìyàn ti ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ kan, tí Windows orí rẹ̀ jẹ́ àdàkọ, tí ohun tí oníbàárà àárọ̀ gbà wọlé sì ń dúró de oníbàárà alẹ́.

Olè tó sọ ara rẹ̀ di oníbodè

Amí tó ń ṣọ́ni nìkan kò lè pa íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ń pa á ni èyí tó lọ dúró sójú ọ̀nà gan-an.

Nínú Windows, apá kan wà tí wọ́n ń pè ní Winsock. Ohunkóhun tó bá fẹ́ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, ì báà jẹ́ lẹ́tà, ì báà jẹ́ ojú ìwé tí ẹ fẹ́ ṣí. Nígbà tí Microsoft ṣe Winsock kejì, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn láti fi oníbodè tirẹ̀ sójú ọ̀nà náà. Layered Service Provider ni wọ́n ń pe irú oníbodè bẹ́ẹ̀. Ohun rere ni wọ́n ní lọ́kàn. Ètò tó ń dí ọmọdé lọ́wọ́ ìkànnì burúkú lè dúró níbẹ̀, ètò tó ń yẹ fáírọ́ọ̀sì wò náà lè dúró níbẹ̀. Windows ní ìwé kan tó kọ orúkọ gbogbo oníbodè sí, lẹ́sẹẹsẹ. Oníbodè kìíní yóò fi ẹrù lé èkejì lọ́wọ́, èkejì yóò fi lé ẹ̀kẹta lọ́wọ́, títí ẹrù yóò fi jáde sí ìta.

Kò pẹ́ tí àwọn amí rí i pé ibi tó dára jù láti dúró nìyẹn, nítorí kò sí ẹrù tí kò ní kọjá níwájú wọn. WebHancer, tó ń ka bí ènìyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, lọ dúró níbẹ̀. New.net, tó ń ta orúkọ ìkànnì tí àjọ ICANN kò fọwọ́ sí, náà lọ dúró níbẹ̀. New.net kò gbà pé amí ni òun. Ó pe Lavasoft lẹ́jọ́ nítorí pé Ad-Aware kà á mọ́ àwọn ohun tó yẹ ní yíyọ kúrò, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan ní California dá Lavasoft láre ní ọdún 2004. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ló ni ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí ètò ìfọ̀mọ́ bá pa fáìlì oníbodè èké yìí rẹ́, tí kò sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé Windows, ẹrù yóò ṣì máa lọ sọ́dọ̀ òkú. Òkú kò lè gba ẹrù, kò sì lè fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ jáde ni yóò dúró síbẹ̀. Ìlà yóò wà, àmì yóò máa tàn, kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tìrẹ kò ní ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka àlàyé yìí, ojú kọ̀ǹpútà Bàbá Kàdúná ni mo rí. Gbogbo àmì náà ló pé.

Àwọn aláàánú ló kọ́kọ́ wá oògùn rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ LSP-Fix. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó wo ìwé orúkọ náà, kó yọ orúkọ òkú, kó sì so àwọn tó kù pọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2004, Microsoft gbé àtúnṣe kejì Windows XP jáde, wọ́n sì fi àṣẹ kan sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀: netsh winsock reset. Àṣẹ yìí ń dá ìwé orúkọ náà padà sí bó ṣe wà nígbà tí kọ̀ǹpútà jẹ́ tuntun. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn. Kò sí fáìlì yín tó máa sọnù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló dúró láàárín Bàbá Kàdúná àti iṣẹ́ oṣù mẹ́sàn-án.

Afọ̀nàhàn èké

Ìtàn kejì tóbi ju èyí lọ, òun ló sì fi hàn wá bí ó ṣe yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ sì ni ènìyàn ń rántí. Tẹ́lẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwádìí SRI ní California ló ní orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìlà, àwọn yòókù á sì máa dà á kọ. Nígbà tí orúkọ pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀ ní ọdún 1983. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, kọ̀ǹpútà yín yóò kọ́kọ́ lọ bi sáfà DNS pé, "Níbo ni lágbájá ń gbé?" Afọ̀nàhàn ni sáfà yìí. Ibi tó bá júwe ni ẹ ó lọ.

Láti ọdún 2007, ẹgbẹ́ kan tó fi ìlú Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia ṣe ibùjókòó, tí Vladimir Tsastsin jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tan ètò kan tí wọ́n ń pè ní DNSChanger káàkiri. Rove Digital ni orúkọ ilé iṣẹ́ wọn. Ètò náà máa ń díbọ́n bí ohun tí ènìyàn nílò kó tó lè wo fíìmù kan. Bó bá ti wọlé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: yóò yọ afọ̀nàhàn tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín fún yín, yóò sì fi tirẹ̀ rọ́pò. Afọ̀nàhàn èké yìí máa ń sọ òtítọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kí onílé má bàa fura. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ ọ̀nà ilé ìtajà iTunes yóò bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò mìíràn. Ìpolówó tí ilé iṣẹ́ kan sanwó fún lórí ojú ìwé ìròyìn yóò pòórá, ti ẹlòmíràn yóò sì jókòó sáyè rẹ̀. Ó tún ń dí ètò apafáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kó má lè gba àtúnṣe. Ó kó kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 4 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100, àwọn ọ̀daràn náà sì rí ó kéré tán mílíọ̀nù 14 dọ́là nínú rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ọlọ́pàá Estonia mú ènìyàn mẹ́fà, àjọ FBI sì gba àwọn sáfà èké tó wà ní New York àti Chicago. Ẹ jẹ́ ká dúró níbí. Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n pa sáfà wọ̀nyẹn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn oníròyìn. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yóò dí mọ́ àwọn ènìyàn yìí lójú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò sì ní mọ ìdí. Olè ti di afọ̀nàhàn wọn. Bí olè bá kú, ọ̀nà kú nìyẹn.

Ilé ẹjọ́ ní New York fọwọ́ sí ohun mìíràn. Wọ́n ní kí Internet Systems Consortium, àjọ tí kì í ṣe ti èrè, gbé sáfà tó mọ́ sí àyè sáfà èké, kó sì máa dáhùn lórí nọ́ńbà kan náà, kó máa sọ òtítọ́. Paul Vixie, ọ̀kan lára àwọn tó dá àjọ náà sílẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 120 ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, tó máa parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2012. Nígbà tó hàn pé àwọn tí kò tíì tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe ṣì pọ̀, ilé ẹjọ́ sún un sí ọjọ́ 9 oṣù keje. Láàárín àkókò náà, Google ń fi ìkìlọ̀ hàn àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ṣì ń béèrè ọ̀nà níbẹ̀, Facebook náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ń kù sí dẹ̀dẹ̀, iye kọ̀ǹpútà tó kù ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 277,000 káàkiri ayé, 64,000 nínú wọn sì wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa sáfà náà ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ilé ẹjọ́ ní New York rán Tsastsin lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7 àti oṣù 3 ní oṣù kẹrin ọdún 2016.

Ta ni yóò padà sọ́dọ̀ adìẹ?

Àwọn àgbà wa ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Apá kìíní òwe yìí ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Lílé akátá ní ariwo, ó ní ìròyìn, ó sì ní ìyìn. Apá kejì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ohun tí ilé ẹjọ́ New York ṣe ní 2011 ni pé ó ronú kan adìẹ kí akátá tó sá lọ.

Nílẹ̀ tiwa, a ti ní òfin. Nàìjíríà ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Malabo ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Mo gbà pé wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n òfin tó ń fìyà jẹ ọ̀daràn kò tún ìlà ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹni tó ń padà sọ́dọ̀ adìẹ lọ́dọ̀ tiwa ni atúnkọ̀ǹpútàṣe tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Kano, ní Onitsha, ní Accra, ní Cotonou. Òun ni ilé ẹjọ́, òun ni àjọ, òun ni sáfà tó mọ́. Ohun tó bá mọ̀ ni a ní.

Mi ò bínú sí ẹni tó fọ́máàtì kọ̀ǹpútà Bàbá Kàdúná mọ́. Ó ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àlàyé LSP-Fix, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ Microsoft, orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti kú sórí kọ̀ǹpútà yẹn sì ni àlàyé náà wà. Àwọn kan yóò sọ pé fífọ́máàtì ló dájú jù. Òótọ́ wà níbẹ̀: amí mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a kò bá nù ún kúrò pátápátá, kò ní lọ. Ṣùgbọ́n kò sí amí tó ní kí a má kọ́kọ́ da ìwé ènìyàn kọ sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni fífọ́máàtì kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. DNSChanger lè gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ilé iṣẹ́ fi sórí ráútà wọlé, kó sì yí afọ̀nàhàn padà níbẹ̀. Ẹ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, inú ráútà ni olè wà.

Nítorí náà, bí ìlà bá kú lẹ́yìn tí ẹ ti lé amí jáde, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn dán ìlà náà wò. Bí ìyẹn bá ń lọ, inú kọ̀ǹpútà yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ da àwọn ìwé yín kọ síta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ tẹ àṣẹ Winsock yẹn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Windows títí di òní. Ẹ wo ẹni tí kọ̀ǹpútà àti ráútà yín ń bi léèrè ọ̀nà. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ inú ilé ló ń ṣìnà, ẹ dá ráútà padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ rà á, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ padà kí ẹ tó lò ó. Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà la tó ń sọ̀rọ̀ fọ́máàtì.

Bàbá Kàdúná kò kọ ìwé náà mọ́. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú bírò àti ìwé, wọ́n sì dé ojú ewé kọkànlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ti kú nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò lè tẹ àṣẹ kankan tó máa dá wọn padà.